A Kọ́kọ́ Lọ sí Tẹ̀dé

Kò sí ẹni tó gbèrò Tẹ̀dé nínú ilé wa lọ́sẹ̀ yẹn. Owó ni gbogbo wa ń rò: iye tí abẹ́rẹ́ máa jẹ, iye tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ máa jẹ, ẹni tí yóò máa sun ilé ìwòsàn, ẹni tí yóò máa gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé. Màmá jókòó sáàárín wa ní pálọ̀, wọ́n ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, wọn kò dá sí i. Àbájáde àyẹ̀wò ti dé: kókó tó wà lọ́mú òsì wọn, jẹjẹrẹ ni. Oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní kẹ́mò ni dókítà máa kọ́kọ́ fún wọn kí kókó náà lè kéré, lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ abẹ tí yóò gé ọmú ọ̀hún kúrò, lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ ìtànṣán. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni kẹ́mò àkọ́kọ́. Nígbà tí a sọ̀rọ̀ owó títí tí a kò rí òpin rẹ̀, Màmá gbójú sókè, wọ́n ní, "Ẹ gbé mi lọ Tẹ̀dé lọ́la."

Àbúrò mi obìnrin fò dìde. Ó ní ọ̀nà jìn, ó ní ó ti ń rẹ̀ wọ́n, ó ní kí ni a fẹ́ lọ ṣe ní Tẹ̀dé nígbà tí kò sí òkú, tí kò sí ìgbéyàwó, tí kì í sì í ṣe àkókò ọdún. Màmá ní àwọn fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara àwọn rìn wọ agbo ilé bàbá àwọn nígbà tí ẹsẹ̀ náà ṣì ń gbé àwọn. Wọn kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bọ́ síta, mo pe dókítà wọn lórí fóònù. Mo mọ̀ pé bí dókítà bá ní rárá, Màmá á gbà. Bó bá sì ní ká lọ, àbúrò mi náà á gbà.

Dókítà ní ká lọ. Ó ní ìsinsìnyí gan-an ló dára jù, torí pé bí kẹ́mò bá ti bẹ̀rẹ̀, ìrìn àjò kì í rọrùn mọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Ohun tó bá ń yára dàgbà nínú ara ni oògùn náà ń pa. Jẹjẹrẹ ń yára dàgbà, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lò ó; ṣùgbọ́n irun náà ń yára dàgbà, awọ inú ẹnu náà ń yára dàgbà, bẹ́ẹ̀ náà sì ni sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àrùn jà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkejì lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni sẹ́ẹ̀lì funfun wọ̀nyí máa ń kéré jù. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ara gbígbóná tí ẹlòmíràn á fi pàrá lásán lé lọ lè di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, ilé ìwòsàn ló yẹ kí wọ́n sáré gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni Màmá á máa gba tiwọn. Èrò ọjà, èrò ilé ìjọsìn, ilé òkú àti ilé ìnáwó, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n á máa yẹra fún. Ó wá fún mi ní àṣẹ díẹ̀: kí Màmá má mu àgbo kankan, torí ẹ̀dọ̀ tó máa ṣiṣẹ́ lórí oògùn náà ni àgbo máa lọ bá, kí wọ́n má mu wàrà tí iná kò kàn, kí wọ́n sùn nínú àwọ̀n ẹ̀fọn, bí ara wọn bá gbóná, ká padà kíá. Ó tẹnu mọ́ èyí tó kẹ́yìn: ká má pa Ọjọ́rú jẹ.

Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí mọ ìdí tí ẹ̀rù fi ba àbúrò mi. Lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá gbé aláìsàn kúrò ní Ìbàdàn lọ sílé bàbá rẹ̀, ohun tí àwọn ará àdúgbò máa ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ ni pé dókítà ti fọwọ́ lérán, pé ó kù sọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọ̀pọ̀ ló sì ti lọ bẹ́ẹ̀ tí kò padà wá gba ìtọ́jú tí wọ́n dá fún un. Ìrìn àjò tiwa kì í ṣe irú ìyẹn; ohun tí aláìsàn ń fẹ́ la fẹ́ ṣe fún un. Ní Amẹ́ríkà, àjọ kan wà tó ń jẹ́ Make-A-Wish, ìlú Phoenix ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1980. Iṣẹ́ wọn ni láti ṣe ohun tí ọmọdé tó ní àìsàn ńlá bá ń fẹ́ fún un, ìrìn àjò pẹ̀lú ẹbí sì wà lára ohun tí àwọn ọmọ náà máa ń béèrè jù. Èmi gbà pé àgbàlagbà náà ní ohun tó ń fẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹbí ló máa ṣe é.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ a ti wà lójú ọ̀nà. Màmá jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àbúrò mi wà lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin mi méjèèjì àti ọmọkùnrin tirẹ̀. Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ̀yìn la gbà, èyí tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tún ṣe, tó tó kìlómítà 65. Ẹni tó bá rántí bí ọ̀nà yẹn ṣe rí tẹ́lẹ̀ á mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa gbé aláìsàn gbà á nígbà náà. Ọ̀yọ́ la máa ń gbà yí ká. Oṣù Kejì ọdún ni, ọyẹ́ ń parí lọ. Bí a ṣe ń lọ ni igi ń jìnnà síra wọn, tí koríko ń gba ilẹ̀. Igi òrí àti igi irúgbá bẹ̀rẹ̀ sí í dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín oko. Wọ́n ti sun igbó níbi púpọ̀, ilẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n koríko tútù ti ń yọ jáde nínú eérú rẹ̀. Màmá ń dárúkọ abúlé kí a tó dé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ta ẹ̀lùbọ́ ní ọjà Bódìjà, ojú ọ̀nà yìí náà, nígbà tó ṣì burú, ni ẹrù wọn ń gbà wá, nínú ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n á di mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ láti òru títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ní Ìsẹ̀yìn, wọ́n ní kí n dúró. Mo rò pé wọ́n fẹ́ sinmi ni. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gba ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ lọ, wọ́n ń wo bí ọ̀kọ̀ ṣe ń lọ tó ń bọ̀ láàárín òwú lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó ní ìlà nídìí òfì. Àwọn ọmọ mi kò rí i rí, pẹ̀lú bó ṣe jẹ́ pé kò sí ìnáwó tí wọn kì í rí òfì lára ènìyàn. Màmá ná ẹtù kan títí ó fi wálẹ̀, wọ́n sanwó, wọ́n ká a sínú àpò wọn. Àbúrò mi béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa rán an. Wọ́n ní ọjọ́ tí àwọn bá gba kẹ́mò tó kẹ́yìn ni àwọn máa gbé e fún aránṣọ. Àbúrò mi tí kò dákẹ́ láti ilé dákẹ́ wàyí.

Òtu, Òfíkì, a ń kọjá wọn. Mi ò ní fi ọ̀nà yẹn gba àkókò yín, ibẹ̀ ni ojú ọ̀nà kò ti dára tó, tí mo fi ń wakọ̀ pẹ̀lẹ́ torí ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi.

Tẹ̀dé ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Atisbo tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1996, ọ̀kan nínú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá tó wà ní Òkè-Ògùn. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni iṣẹ́ ìlú náà: iṣu, àgbàdo, ọkà bàbà, ẹ̀gẹ́, ẹ̀gúsí, kajú. Ẹ̀lùbọ́ àti iṣu tí wọ́n ń jẹ n'Ìbàdàn, púpọ̀ nínú rẹ̀ apá ibẹ̀ ló ti ń wá. Nígbà tí a yà wọ agbo ilé, ọ̀sán ti pọ́n. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, láti ẹnu ọmọdé àti àgbà: "Ẹ kú ewu ọ̀nà. Ṣé kò sí o?" Ará Ìbàdàn kì í déédéé dé láìránṣẹ́. Màmá ní kò sí, àlàáfíà ni. Wọ́n rìn kọjá àgbàlá, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n dé ibi tí ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, jókòó sí lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n kúnlẹ̀. Bàbá fi oríkì pè wọ́n. Wọ́n pè é títí, wọ́n ń fọwọ́ pa wọ́n lẹ́yìn, Màmá kò sì dìde títí Bàbá fi dákẹ́.

A jẹun tán kí Màmá tó sọ ọ́. Àmàlà dúdú ni, pẹ̀lú ilá àti ẹran ìgbẹ́. Wọ́n wẹ ọwọ́, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ní jẹjẹrẹ ọmú. Ọjọ́rú ni ìtọ́jú máa bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí n wá rí yín kó tó bẹ̀rẹ̀."

Ìyàwó ilé kan tó ń palẹ̀ abọ́ mọ́ ní, "A ò ní rí i! Ẹ má pè é lórúkọ." Àwọn mìíràn pòṣé, wọ́n káwọ́ lérí. Bí a ṣe máa ń ṣe nìyẹn. A máa ń pè é ní àìsàn burúkú, a máa ń pè é ní iṣẹ́ ọ̀tá, a kì í pè é ní ohun tó ń jẹ́. Ní 2014 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sọ síta pé òun ti gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ prostate. Òun ṣì wà láàyè. Mo sọ èyí fún wọn nínú agbo ilé yẹn, mo sì rí i pé ó wọ àwọn kan létí. Ṣùgbọ́n ìyá kan tó jẹ́ ẹbí wa ti dìde wọlé, ó gbé ìgò àgbo jáde. Ó ní ẹnì kan wà ní ìtòsí Ìgbòho tó ń wo irú ẹ̀, pé oṣù kan péré ni, pé bí wọ́n bá ti fi ọ̀bẹ kan kókó ọmú, ńṣe ló máa ń bínú. Òmíràn ní orí òkè àdúrà ló yẹ ká kọ́kọ́ gbé wọn lọ. Ìfẹ́ ló ń mú gbogbo wọn sọ̀rọ̀, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Inú mi ṣáà ń gbóná.

Bàbá kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Èmi ni wọ́n kọjú sí. Wọ́n bi mí pé kí ni oògùn náà ń ṣe nínú ara, mo sọ ohun tí dókítà sọ fún mi, mo sọ ti irun, mo sọ ti ẹ̀jẹ̀, mo sọ ti iṣẹ́ abẹ. Wọ́n bi mí bóyá ọjọ́ náà ṣeé sún. Mo ní kò yẹ kí a sún un. Wọ́n wá kọjú sí agbo ilé.

"Ẹ rántí ìyá wa kékeré," ni wọ́n wí. "Kókó yìí náà ni. A gbé wọn dé Ìgbòho, a gbé wọn dé Ṣakí, a gbé wọn dé Kìṣí. Ibi tí wọ́n bá ní iṣẹ́ wà la gbé wọn dé. Nígbà tí a máa gbé wọn dé Ìbàdàn, ọmú náà ti là. Dókítà wo ọ̀rọ̀ náà, ohun tó sọ fún mi ni pé ẹ pẹ́. Mo ru 'ẹ pẹ́' yẹn bọ̀ wálé. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ràn àbúrò mi, kó bá wa gbàdúrà kí ọkọ̀ má bàjẹ́ lọ́nà kí Ọjọ́rú tó pé."

Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ohun tó pa ìyá wa kékeré nìyẹn. Ohun tí wọ́n sọ fún wa nígbà tí a wà lọ́mọdé ni pé oyún ọmú ni. Inú yàrá kan tó dojú kọ igi máńgòrò yẹn ni wọ́n ti kú. Màmá wọ inú yàrá náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, àwọn nìkan, wọ́n pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n lọ bá ìyá tó gbé àgbo wá, wọ́n kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó bá àwọn fi àdúrà tì í, kó sì gbé ìgò rẹ̀ padà.

Mi ò lè dá àwọn tó gbé ìyá wa kékeré kiri lẹ́bi. Ṣakí ní ilé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi tó ti ń tọ́jú ará Òkè-Ògùn láti ayé àwọn míṣọ́nnárì, ìlú púpọ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ ìtànṣán tó ń wo jẹjẹrẹ ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ìbàdàn ni, ní UCH, ilé ìwòsàn tí wọ́n ṣí ní 1957. Ẹ̀rọ ìtànṣán sì jẹ́ ohun tí ènìyàn á máa lọ gbà lójoojúmọ́, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan léra. Níbo ni obìnrin tó ń roko ní Tẹ̀dé máa sùn sí n'Ìbàdàn? Owó ta ló máa ná? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi owó àpò ara wọn tọ́jú jẹjẹrẹ ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ní kí aláìsàn má pẹ́, kó sọ fún ìjọba náà kó má pẹ́ láti gbé ìtọ́jú súnmọ́ ọn.

Ọjọ́ kejì ni ojú Màmá dán. Lẹ́yìn agbo ilé, àpáta ńlá kan wà tí wọ́n ń sá gbọdọ, iṣu gbígbẹ tí wọ́n ń lọ̀ di ẹ̀lùbọ́, sí. Wọ́n pe àwọn ọmọ mi síbẹ̀. Wọ́n fi iṣu hàn wọ́n bí wọ́n ṣe ń bó o, bí wọ́n ṣe ń gbé e sínú omi lórí iná, tí wọn kò ní jẹ́ kó hó, torí iṣu tó bá jinná ti bàjẹ́, kò lè di ẹ̀lùbọ́ gidi. Wọ́n á fi í sínú omi gbígbóná náà di ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó yọ ọ́, kí wọ́n tó sá a sórí àpáta kí oòrùn àti ọyẹ́ jọ gbẹ ẹ́. Màmá mú gbọdọ kan, wọ́n ṣẹ́ ẹ, wọ́n gbọ́ bó ṣe dún, wọ́n ní ó ku ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n mú òmíràn, wọ́n ní ẹni tó bá lọ èyí á ní kókó nínú àmàlà. Àwọn obìnrin ilé rọ́ yí wọn ká, wọ́n ń béèrè iye tí ẹ̀lùbọ́ ń lọ ní Bódìjà. Màmá ń dá wọn lóhùn, wọ́n ń bá wọn jiyàn lórí owó ọkọ̀, ohùn wọn ń lọ sókè. Láti ìgbà tí kókó yẹn ti yọ, a kò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu wọn. Ní Ìbàdàn, aláìsàn ni gbogbo wa ń bá sọ̀rọ̀. Lórí àpáta yẹn, oníṣòwò ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ohun tí ìrìn àjò náà ṣe fún wọn, ibẹ̀ ni màá kọ́kọ́ tọ́ka sí.

Lálẹ́, wọ́n ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn tó ń dirun bá àwọn di ṣùkú. Ọmọbìnrin náà ti gbọ́ ohun tí kẹ́mò ń ṣe sí irun. Ó di òòyà mú, ó ní, "Màmá, ṣé irun tó máa re lẹ ní kí n dì?" Irun sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í re láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta. Màmá ní kó dì í, kó má fi òwú fà á jù. Wọ́n jókòó sórí àpótí láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ọmọ mi àgbà di ìmọ́lẹ̀ fóònù mú. Ẹ wo bí ọmọbìnrin yẹn ṣe fara balẹ̀ dirun náà, ó dọ́gba lójú gbogbo. Mo ya fọ́tò wọn. Wọ́n ní kí n tún un yà, kí n jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ hàn.

Fúlàní kan gbé wàrà wá láàárọ̀, díẹ̀ ni, torí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, màlúù kò rí koríko tó. Màmá fẹ́ràn wàrà púpọ̀. Ojú iná ni wọ́n ti ń ṣe é, omi ewé bomubomu ni wọ́n ń fi mú kí ó dì, síbẹ̀ àbúrò mi kò gbà, ó tún gé e, ó dín in nínú òróró kí ó tó gbé e fún wọn. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n ní ká gbé àwọn lọ wo odò Ògùn.

Ẹnu ọ̀nà kan tó wọ ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀, Old Oyo National Park, wà ní Tẹ̀dé. Ilẹ̀ náà tó kìlómítà 2,512 níbùú lóròó. Ní 1936 ni wọ́n ti kọ́kọ́ pa apá Ògùn rẹ̀ mọ́ gẹ́gẹ́ bí igbó ọba, ní 1952 ó di ibi ìtọ́jú ẹranko, ní 1991 ìjọba àpapọ̀ gbà á. Apá àríwá rẹ̀ ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà, níbi tí àwọn Aláàfin ti jọba kí ìlú náà tó tú. Ẹ̀ṣọ́ igbó kan tó gbé ìbọn wọ ọkọ̀ wa láti fọ̀nà hàn wá. Ìjímèrè kọjá níwájú wa pẹ̀lú ọmọ wọn, àwọn ọmọ pariwo. A rí ìgalà kan tó dúró wò wá kí ó tó wọgbó. Ẹfọ̀n wà níbẹ̀, ẹ̀ṣọ́ náà wí, ṣùgbọ́n a kò rí i, inú mi sì dùn bẹ́ẹ̀.

Omi kò pọ̀ nínú odò Ògùn lóṣù Kejì. Àpáta ti jáde, omi dúró ní ibi jíjìn-jíjìn láàárín wọn. Láti àwọn òkè ẹ̀bá Ṣakí ló ti ń bọ̀, òun ni wọ́n sé ní Ìkẹ̀rẹ̀ nítòsí Ìsẹ̀yìn, òun náà ló kọjá ní Abẹ́òkúta tó fi dé ọ̀sà Èkó. Màmá jókòó sórí àpáta kan níbi òjìji, wọ́n ti ẹsẹ̀ bọ omi, àwọn ọmọ jókòó tì wọ́n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtàn tí àwọn náà ti gbọ́ lẹ́nu ìyá wọn.

"Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Yemọja. Ọmú rẹ̀ tóbi ju ti gbogbo obìnrin lọ. Òkèrè, ọba Ṣakí, ní òun fẹ́ fi ṣaya. Yemọja ní kò burú, ṣùgbọ́n Òkèrè kò gbọdọ̀ fi ọmú òun bú òun láéláé. Òkèrè gbà. Ó di ọjọ́ kan, Òkèrè mu ẹmu yó, ó dé ilé, ọ̀rọ̀ ṣe bí ọ̀rọ̀ láàárín wọn, ó la ẹnu, ó fi ọmú ìyàwó rẹ̀ bú u. Yemọja sá jáde. Ó ṣubú lọ́nà, ibi tó ṣubú sí ló ti di omi, omi náà ń lọ sí òkun. Òkèrè sáré, ó sọ ara rẹ̀ di òkè, ó dábùú ọ̀nà. Ṣàngó sán ààrá, ó la òkè náà sí méjì, omi kọjá."

Ọmọ mi kékeré bèèrè pé, "Ṣé ó padà sílé ọkọ rẹ̀, Màmá?"

"Rárá. Òkun ló lọ."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Dókítà máa gé ọ̀kan nínú ọmú mi. Èyí tó ń ṣàìsàn ni. Tí mo bá dé láti ilé ìwòsàn, ẹ má gbójú kúrò lára mi. Ẹ wò mí dáadáa, ẹ bèèrè ohun tí ẹ bá fẹ́ bèèrè. Kò sẹ́ni tó máa fi bú mi nínú ilé mi."

Èmi àti àbúrò mi ti ń rò ó láti ọjọ́ tí àbájáde dé, bí a ṣe máa sọ ọ́ fún àwọn ọmọ. A ti ń pín in láàárín ara wa, ta ló máa sọ èwo. Ìyá wa ti bá wa sọ ọ́ tán, létí omi tí ìtàn náà jẹ mọ́, ní ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́fà gbọ́ yé. Ọmọ àbúrò mi bi wọ́n bóyá ó máa dùn wọ́n. Wọ́n ní oògùn oorun á wà, wọn kò ní mọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gé e, ṣùgbọ́n ó lè dùn wọ́n lẹ́yìn náà, òun ni yóò máa bá wọn gbé omi. Ó gbà.

Àárọ̀ kùtù la gbéra padà, torí kò dára kí ọkọ̀ pẹ́ ṣú lójú ọ̀nà yẹn. Wọ́n ti kó iṣu àti ẹ̀lùbọ́ kún ẹ̀yìn ọkọ̀ kí n tó jí. Mo ń wá àyè tí ẹrù àwọn ọmọ máa wọ̀ nígbà tí Bàbá jáde pẹ̀lú àpò kékeré kan, fìlà wọn wà lórí. Wọ́n ní àwọn ń bá wa lọ. Ìyàwó wọn ní ta ló máa bójú tó oko. Wọ́n ní àwọn ọmọ wà. Wọ́n ní nígbà ti ìyá wa kékeré, àwọn kò sí níbẹ̀ nígbà tó yẹ, èyí ò ní ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. A já àpò iṣu kan sílẹ̀, Bàbá jókòó sẹ́yìn, ọmọ mi kékeré wà lórí itan wọn títí a fi dé Mọ́níyà.

Lọ́jọ́rú, aago mẹ́jọ kò tíì lù tí a fi dé ilé ìwòsàn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wò, ó pé. Wọ́n so oògùn kọ́ fún Màmá, Bàbá jókòó tì wọ́n, wọ́n ń bi nọ́ọ̀sì ní orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan àti ohun tó ń ṣe, nọ́ọ̀sì náà sì ń fi sùúrù dá wọn lóhùn. Ìrọ̀lẹ́ la tó kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí dókítà ti dá irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ fún, tàbí ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá, bàbá, ọkọ tàbí aya tó wà nírú ipò náà, ẹ pe dókítà yín kí ẹ tó gbéra, ẹ bèèrè bóyá ara aláìsàn gbé ìrìn àjò àti ohun tí kò gbọdọ̀ jẹ tàbí mu níbẹ̀. Bó bá ní kí ẹ lọ, ẹ má dúró de owó ńlá, ẹ má dúró de àsìkò ọdún. Ẹ lọ síbi tí ọkàn rẹ̀ bá wà, ẹ kó àwọn ọmọ lọ́wọ́. Kí ẹ sì rí i pé ẹ padà dé kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé.